Èèpo Àjàrà àti Ẹ̀rù Ọkọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹsàn-án, 2023
Èmi àti Ekrem, ọkọ mi, lọ sí ilé ìwòsàn ní Bihać, ìlú wa. Dókítà Vildana ní ìpayà ogun kì í pa àbùdá tí èèyàn jogún dà. Àmì ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, àmì yẹn ló sì ń mú kí ara fò sókè bí ilẹ̀kùn bá ti dún. Wọ́n ti fa oògùn kan jáde lára èèpo èso àjàrà, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè ṣí àmì náà kúrò. Nínú ìwádìí náà, àwọn kan máa gba ojúlówó, àwọn kan máa gba òfìfo, hóró tí kò ní oògùn nínú. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ èyí tó kan òun.

Ekrem ní, “Dókítà, láti kékeré ni mo ti ń jẹ àjàrà ẹ̀yìnkùlé wa tèèpotèèpo. Ẹ wá wò mí báyìí.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Hóró méjì láràárọ̀. Kò tíì sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Mò ń ro Ẹja — orúkọ tí mo ń pe Ekrem nínú ọkàn mi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, 1985. Ó bẹ́ láti orí afárá sínú odò Una, ó pẹ́ nísàlẹ̀, mo ti bú sẹ́kún kí orí rẹ̀ tó yọ. Omi ń kán tótó lára rẹ̀, ó ń fi mí ṣẹ̀rín pé ṣé òun ni mò ń sunkún fún ni, àbí bàtà mi tó rin. Bàrà olómi wa wà nínú odò, ó ń tutù. Ohùn rẹ̀ nígbà yẹn!

Láti ìgbà ogun ọdún 1992, kò dé etí odò mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 24
Lamija wá, ọmọ wa kan ṣoṣo. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Ó ti ka ìwé tí dókítà fún wa: wọ́n ń wádìí bóyá irú àmì yìí lè dé ara ọmọ. Lẹ́yìn ogun la bí i, síbẹ̀ bí àwo bá já bọ́, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n ni òun náà ń gbọ̀n. Ó rọra bi bàbá rẹ̀ bóyá òun náà gbé àmì yẹn, bóyá ọmọ inú òun máa gbé e. Ẹja fi oúnjẹ pita tó ń jẹ sílẹ̀ nínú àwo, ó jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹwàá
Mo rí hóró méjìdínlógún nínú àpò kóòtù Ẹja. Ó kàn ń ṣe bí ẹni ń gbé e mì ni. Mo bi í léèrè.

“Kí n wá máa gba ìwòsàn, Munevera, nígbà tí mo ti kó o ran ọmọ mi?”



Ọjọ́bọ̀, 5
Òjò.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Wọ́n ti yọ orúkọ Ẹja kúrò nínú ìwádìí náà, torí oògùn tí kò lò. Lamija lọ bá dókítà fúnra rẹ̀. Dókítà ní kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ dájú. Pé bí àmì bá tilẹ̀ wà, kì í ṣe ìdájọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 29
Lamija jókòó ti bàbá rẹ̀.

“Bàbá, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yín ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹkún yín tí mo máa ń gbọ́ láti yàrá kejì ni. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ sọ fún mi.”

Kọfí Ẹja tutù níwájú rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ látorí Ćamil, àbúrò rẹ̀ — bí wọ́n ṣe máa ń jí èso ọgbà ìmáàmù ká, bí Ćamil ò ṣe mọ̀ ọ́n sá. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló dé orí ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn pa á. Ó sọ ọ́ tán pátá. Lamija ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń gbọ́ ọ. Wọ́n ti sọ fún mi nígbà ogun pé àwọn ọmọ ogun ló sin Ćamil. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí. Òní ni mo gbọ́ pé òun nìkan ló gbẹ́ sàréè Ćamil, pé ọwọ́ lásán ló sì fi gbẹ́ ẹ.