Kí Ọkùnrin Inú Géèmù Lọ Tọrọ Ọmọ Ọba

Sí Saifudeen, Àyìndé ọmọ mi,

Jọ̀ọ́, má bínú pé mo gbójúgbóyà gbé bírò láti kọ̀wé sí ọ. Ọdún kìíní mi nílé-ìwé àwọn àgbàlagbà nìyí, ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò tíì gún, n kò sì mọ̀ bóyá àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ jókòó síbi tó yẹ. Bí o bá rí àṣìṣe, rọra kà á kọjá. Ṣé àlàáfíà lo wà l'Ékòó? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iná inú tẹlifíṣọ̀n tí ò ń tún ṣe fún oníbàárà gbé ọ. Bàbá rẹ kí ọ, Ràódàt àbúrò rẹ kí ọ. Òjò ti rọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, àgbàdo wa ti yọ.

Àyìndé, géèmù tí o fi ránṣẹ́ yìí ti sú mi! Ràódàt ló ń tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń ṣàánú ọkùnrin inú rẹ̀. Ní apá kìíní, ó bá ọ̀nì jà, ó bá iwin jà, ó gba ọmọ ọba sílẹ̀, gbogbo wa ké alihamudulilai. O fi apá kejì ránṣẹ́, wọ́n tún ti jí ọmọ náà gbé! O wá kọ̀wé pé apá kẹta ń bọ̀, pé ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ta ló rán an lójú omi?

Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Kò rán ẹbí rẹ̀ lọ tọrọ ọmọ rí. Ó wọ ààfin, kò kí ọba. Mo ní kí Ràódàt mú un dọ̀bálẹ̀, ó tẹ gbogbo bọ́tìnì, ìlóṣòó nìkan ló mọ̀. Bàbá rẹ ní ìyẹn náà tó, mo ní ta ni yóò fọmọ fún ẹni tó lóṣòó? Ọmọ tí a kò tọrọ, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e lọ. Bá mi kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe é: kí wọ́n fi ọkọ̀ omi sílẹ̀, kí wọ́n mú bàbá àti ìyá ọkùnrin náà jáde níbi tí wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí, kí wọ́n ṣe mọ̀mínmọ̀ọ́, kí wọ́n so yìgì, kí géèmù parí, ká sinmi.

Haneefah rẹ wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sọ ti apá kẹta fún un, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ọmọ ọba yìí mà ní sùúrù o, Mọ́mì. Kò jẹun tán. Nígbà tí mo sìn ín dé gáréèjì ló sọ pé oníṣòwò kan l'Ọ́jà Igbó ti rán ẹbí sí bàbá òun, pé bàbá náà ní òun ti retí ìwọ títí, òun yóò dá wọn lóhùn kí Iléyá tó dé.

Láti ìgbà náà, bí mo bá wo ọkùnrin yẹn, ojú rẹ ni mò ń rí. O ní dìgbà tí o bá gba ṣọ́ọ̀bù. O gba ṣọ́ọ̀bù, o ní dìgbà tí o bá ra alùpùpù. Ní báyìí o tún ní dìgbà tí o bá ti Kútọnu dé. Ṣé ìwọ náà ní apá kẹrin ni?

Wálé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Fi owó ọkọ̀ èmi àti bàbá rẹ dé Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́, àti ti obì, àti ti gèlè kan, nítorí tèmi ti ṣá. Ọlọ́run yóò fi aya rere jíǹkí rẹ, ẹlòmíràn kò ní jẹ oúnjẹ rẹ.

Mo bẹ̀ ọ́, bo lẹ́tà yìí mọ́lẹ̀. Haneefah ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, pé bí o bá fẹ́ òun, wàá wá fúnra rẹ. Tó bá bi ọ́ léèrè ẹni tó rán ọ níṣẹ́, sọ pé orí ara rẹ lo fi rò ó.

Èmi ìyá rẹ,
Hajarat