Ìwé Tí Mo Kà Níwájú Àwọn Àlejò

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti Àkúrẹ́ o. Ara mi le, oúnjẹ ibí sì dára. Ẹ̀kọ́ aṣíwájú tí ìjọba ìbílẹ̀ torí rẹ̀ kó àwa ọmọ girama wá láti Oǹdó ń lọ dáadáa. Èmi ni wọ́n yàn ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀ ọlọ́jọ́ kan.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ nípa ilé ìwòsàn àdúgbò wa tí wọ́n tì pa, tí ẹ gbé Bùkúnmi àbúrò mi pọ̀n débẹ̀, tí ẹ kò bá ẹnì kankan, tó fi kú sí yín lẹ́yìn.

Ọ̀gá tó ń darí wa kà á. Ó ní, “Fọláhànmí, ó dùn mí o, ṣùgbọ́n àlejò ń bọ̀. Èyí ni kí o kà.”

Ìwé tó fún mi sọ pé gbogbo ilé ìwòsàn wa ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Mo ní, “Sà, irọ́ ni.”

Ó ní, “Ṣé kí n pe ẹlòmíì ni?”

Mo kà á, Màmá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an, wọ́n sì yà mí ní fọ́tò. Inú mi dùn. Tí ojú mi bá pọ́n níbẹ̀, eruku ni.

Rédíò yóò gbé e jáde ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá tètè lọ sóko.

Ẹ kí Ìyá Àgbà. Ẹ kí Ìyá Adédèjì tí wọ́n bá yín sọ Bùkúnmi kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ yín,
Fọláhànmí