Okùn Tí Màmá Wí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ náà. Ara Màmá le, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn wọ́n. Dókítà ti tú aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ ìyàwó mi: ìka méjì ti lọ. Aránṣọ tí ò lè di abẹ́rẹ́ mú!

Ẹ kọ̀wé pé kí Màmá kó kúrò nílé, torí wọn ò jẹ́ ká pa ejò ẹ̀yìn igi ìdáná. Ẹ dákun, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Màmá kìlọ̀ fún mi: "Okùn wà lẹ́yìn igi o. Ẹ fi ọ̀pá lu ilẹ̀ kí ẹ tó nawọ́, á bá tiẹ̀ lọ." Ẹ mọ̀ pé wọn kì í pe ejò lórúkọ, okùn ni wọ́n ń pè é. Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n rédíò tí mo ń tú ló gba ọkàn mi. Nígbà tí ìyàwó mi ń wá okùn tí á sá aṣọ sí, mo ní, "Màmá ní okùn wà lẹ́yìn igi."

Ó rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá onírédíò, ẹ ò lè bá mi mú un?" Ó nawọ́, ejò bù ú ṣán.

Mo parọ́ fún yín pé igi ló ń ṣà. Màmá àti ìyàwó mi bò mí láṣìírí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé tu Màmá nínú. Wọ́n ti ń di ẹrù wọn. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín níbi tí ẹ wà.

Èmi àbúrò yín.