Ibi Tí Ojú Rẹ Wò

Ilé Alhaja Rùkáyàt,
Makepe, Douala.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje, ọdún 2025.

Barakatullahi, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Àlàáfíà kí ó wà pẹ̀lú rẹ àti gbogbo ilé. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle, kí ó bá Ìyá náà lórí ìdúró, kí orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú sì ti fúyẹ́. Ṣé ẹ̀gẹ́ tí ẹ gbìn sí ẹ̀yìn odò ta dáadáa? Alhaja Rùkáyàt, àǹtí mi, ní kí n kí ọ. Bútà tí o fi ń ṣe àlùwàlá nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wa ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò.

Láti oṣù Kẹta ni mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Mi ò bínú. Mo kúkú kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé, mo sì fi rán Elkanah tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Alhaja ní ọjà Mboppi. Ó ń lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ṣèlérí pé òun yóò yà sí Ìdí-Ẹ̀mì kí ó fi lé ọ lọ́wọ́. O mọ̀ mí, mi ò mọ bí wọ́n ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Mo ṣẹ̀ ọ́. Èyí tí o mọ̀ kéré sí èyí tí o kò mọ̀. Jọ̀ọ́, má ya ìwé yìí kí o tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí o mọ̀. Èmi ni mo pè ọ́ wá sí Douala ní oṣù Kìíní. Mo ní wọ́n ń wá ẹni tó lè gba ẹrù wọlé kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí tuntun tó wà ní Yassa, àti pé mi ò mọ ẹni tó lè ṣe é bíi tìrẹ. Nígbà tó di oṣù Kejì, o jókòó ní pálọ̀ Alhaja láti dáhùn ìbéèrè iṣẹ́ náà, o gbé fóònù ka iwájú, ohùn ọkùnrin àgbàlagbà kan ń bi ọ́ ní ìbéèrè láti inú rẹ̀, fóònù náà sì ń ya fídíò rẹ bí o ti ń dáhùn. Kò sí èyí tí o kò dáhùn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi French kọ ọ́ ránṣẹ́ pé wọn ò gbà ọ́. O bi mí pé, "Nùrú, kí ni mo ṣe?" Mo ní, "O ṣe bí ará oko. Ta ni yóò gba ojo síṣẹ́?" Lọ́jọ́ kejì o di ẹrù rẹ. Mo sìn ọ́ dé ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà pé kí n ní kí o má bínú, torí olórí kunkun ni mí.

Èyí tí o kò mọ̀ ló kàn. Nígbà tí o bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì dákẹ́, nítorí mo ti fọwọ́ sí ìwé pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ náà rèé. Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú yàrá kan lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Makepe níbí. Wọ́n á gbé fídíò àwọn ènìyàn tó ń dáhùn ìbéèrè síwájú wa. Àwa á wo ojú wọn, ọwọ́ wọn àti bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, a ó sì tẹ ohun tí a rí. Ohun tí a bá tẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń kọ́gbọ́n, títí òun fúnra rẹ̀ á fi lè wo ènìyàn kí ó sọ pé ẹni yìí ṣeé gbọ́kàn lé, ẹni yìí kò ṣeé gbọ́kàn lé. Òun ni wọ́n ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Àwọn iléeṣẹ́ á rà á, wọn á máa fi yan òṣìṣẹ́.

Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà nílẹ̀ bó ti ń dáhùn, ohun tí wọ́n ní kí a tẹ̀ fún un ni pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Mo kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Mo lọ bá Jacqueline, ọ̀gá wa, mo ní, "Madame, lọ́dọ̀ tiwa, bí àgbà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí o tẹjú mọ́ ọn, ìwọ lo ń rí i fín. Ẹni tó wolẹ̀ ló bọ̀wọ̀ fún un." Ó ní, "Nourou, mi ò bi ọ́ nídìí tó fi wolẹ̀. Ṣé ojú ẹ̀ wà nílẹ̀ àbí kò sí nílẹ̀?" Mo ní ó wà nílẹ̀. Ó ní, "Voilà. Ó tán." Aurélien tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ́ ẹ̀rọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé, bóyá á dọ̀bálẹ̀ kí mi lọ́la. Mo jiyàn fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́. Èmi tí Ọ̀gá Bàdámọ́sí nà ní kíláàsì kẹrin lójú rẹ, tí wọ́n ní, "Èmi lo tẹjú mọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé èmi pẹ̀lú ẹ jọ ń jẹun ni?"

Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, ẹ̀rọ náà ti ń dá sọ tirẹ̀. Iṣẹ́ tó kù fún wa ni kí a wo ohun tó sọ, kí a tẹ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí fídíò kan, kọ́tìnnì Alhaja ni mo kọ́kọ́ rí, èyí tó ní òdòdó. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọ, pẹ̀lú fìlà mi tí mo yá ọ. Ọkùnrin inú fóònù yẹn bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi iṣẹ́ tí ò ń ṣe tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. O ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà," o sì wolẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ti máa ń ṣe níwájú bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Lábẹ́ ojú rẹ ni ẹ̀rọ kọ ọ́ sí pé ò ń fi nǹkan pamọ́.

Òfin wa ni pé ẹni tó bá mọ ẹni inú fídíò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Bernice wà lẹ́yìn mi, aláàánú ènìyàn sì ni. Mi ò gbé e fún un. O mọ bí mo ti máa ń yangàn pé èmi kì í ṣojúsàájú, bóyá ọmọ ìyá mi ni o, bóyá àlejò ni. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, torí pé ọ̀rẹ́ mi ni ọ́ ni. Mo fẹ́ kí n jẹ́ ẹni títọ́. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ilé ìkẹ́rùsí Yassa ló ni fídíò náà, mo sì mọ̀ pé ìwọ kò fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, o ti ra míóńdò, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń wé sínú ewé, àti ẹja yíyan dè mí, a sì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà.

Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n ṣe ìpàdé ìta gbangba kan nínú gbọ̀ngàn iléèwé kan nítòsí wa, lórí irú òfin tó yẹ kí ó wà fún ọgbọ́n àtọwọ́dá. Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Juliana ló darí rẹ̀. Àwọn kan ní kí ìjọba tètè ṣòfin. Bàbá kan dìde, ó ní bí ẹ̀rọ bá wá ṣẹ òfin ọ̀hún, ta la máa mú lọ sí kọmisáríà àwọn ọlọ́pàá, ṣé kọ̀ǹpútà ni? Ọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà fọwọ́ sọ̀yà pé kò mọ ẹ̀yà, kò mọ ẹ̀sìn, nítorí náà kò lè ṣojúsàájú. Kàbírátù, ọmọ oníṣòwò Yorùbá kan ní Mboppi, tí wọ́n bí síbí, wá sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti dáhùn ìbéèrè ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ òun. Ọkùnrin yẹn ní kí ó jókòó kí òun bi í léèrè kí gbogbo ènìyàn rí i. Ó ju ọkùnrin náà lọ nínú French. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè ṣe dé, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn fi í rẹ́rìn-ín.

Agbẹjọ́rò Juliana bi wá pé ṣé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ náà. Mo rántí ìwé tí mo fọwọ́ sí. Mo wo bàtà mi. Ojú tèmi wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, Báràkà, kì í sì í ṣe torí ọ̀wọ̀. Nígbà tí a jáde, Kàbírátù bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tout le monde, gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín?" Mo ní inú ló ń run mí.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Alhaja níbi tí wọ́n ti ń ká léèsì tí wọ́n ń tà. Mo ní ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, èmi kàn gbà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀rọ ló di ìka ẹ mú?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ọmọ tó sùn sórí ẹní mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí kì í jẹ́ kí n gbé omi. O pè é ní ojo, ìwọ tó o ti já a sílẹ̀."

Wọ́n tún ṣe ìpàdé náà ní Sátidé tó kọjá. Mo dìde kí wọ́n tó ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán. French mi kò tó, mo fi Pidgin sọ ọ́. Mo sọ pé àwa la kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa pe ọ̀wọ̀ ní ẹ̀tàn, pé mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń ṣe é, àti pé ọ̀rẹ́ mi wà lára àwọn tí mo já sílẹ̀. Mi ò dárúkọ rẹ. Ọkùnrin àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yẹn ní irọ́ ni mò ń pa. Aurélien dìde lẹ́yìn, ó ní, "Òótọ́ ló ń sọ, èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́." Mi ò ro ìyẹn sí i. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, káàdì tí a fi ń wọlé kò ṣílẹ̀kùn fún àwa méjèèjì mọ́. Ní báyìí, léèsì ni mò ń gbé fún Alhaja.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an rèé. Agbẹjọ́rò Juliana ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́. Àwọn ará ilé ìkẹ́rùsí Yassa gbà pé àwọn tí ẹ̀rọ já sílẹ̀ báyìí lè padà wá síwájú ènìyàn ẹlẹ́ran ara, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn, ẹni tí a dárúkọ sì gbọ́dọ̀ gbà pé kí wọ́n wo fídíò òun. Kàbírátù wà lára wọn, ó sì ti gbà. Mi ò lè fi orúkọ rẹ sílẹ̀ láìbi ọ́, mo ti dá ìpinnu kan ṣe lórí rẹ rí. Bí o bá gbà, wọ́n lè bi ọ́ lórí fóònù láti ilé. Má tìtorí tiwọn gbójú sókè o. Wo ibi tí ojú rẹ máa ń wò. Èmi ni n ó wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Bí o kò bá gbà, kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún Elkanah, mi ò ní bi ọ́ nídìí.

Kí Ọlọ́run fi òróró sí orúnkún Ìyá, kí ó fi ìbùkún sí oko yín, kí ó má jẹ́ kí ẹni tí o fọkàn tán tún jù ọ́ nù mọ́. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o gbàgbé rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí nígbà tí ọkàn rẹ bá gbà á.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó pè ọ́ ní ojo, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ojo,
Nùrúdíìnì.

Àfikún: Mo mọ̀ pé Ìyá yóò ní kí o ka lẹ́tà yìí sí àwọn létí, nítorí ọmọ ni wọ́n pè mí. Kà á fún wọn. Tí o bá dé ibi tí mo ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni, má fò ó.