Gáàsì Tó Pa Yín

Màmá mi, ẹni tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Inú ń bí mi lónìí, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe ní Yaba ti yọrí. Kẹ́mísírì ni mò ń kà nígbà tí ẹ kú, òun náà ni mo ṣì wà nídìí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa fi háídrójìn ṣe iná mànàmáná láìsí èéfín, ṣùgbọ́n gáàsì olóró kan, kábọ̀n mónósáìdì, máa ń wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Bó ti wù kó kéré tó, á lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ tó ń ṣe iná náà, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì la ṣe, tó ń sọ ọ́ di gáàsì tí kò lè ba ẹ̀rọ jẹ́, láìjó háídrójìn fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, a fẹ́ gáàsì gba inú ìyẹ̀fun náà kọjá, a wá kábọ̀n mónósáìdì tì. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo kàn ń wò wọ́n ni. Gáàsì yẹn náà ló ti inú èéfín jẹnẹrétọ̀ jáde, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ yín nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín. Ẹ wo gbogbo làálàá tí a ṣe kó má baà pa ẹ̀rọ. Ta ló ṣe làálàá kankan kó má baà pa yín?

Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ sí Sùúrùlérè. Mi ò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ tí a kó ẹ̀rọ ìránṣọ yín jáde. Onídìrí kan ló gba ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí tiyín máa ń wà yẹn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ń dún. Ó ní láńlọ́ọ̀dù ló ní òun ò gbọ́dọ̀ gbé e síta, kó má baà ba iwájú ilé jẹ́. Ohun tí bàbá náà sọ fún yín gan-an nìyẹn.

Mo pa jẹnẹrétọ̀ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ jáde. Láńlọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀, ó dá mi mọ̀. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé àkókò yín ló tó, Ọlọ́run ló pè yín.

"Bàbá, Ọlọ́run kọ́ ló ní kí wọ́n gbé e sínú ilé. Ẹ̀yin ni."

Onídìrí náà di ẹ̀gbẹ́ kejì jẹnẹrétọ̀ mú, a jọ gbé e dé ẹ̀bá gọ́tà. Ó sọ fún bàbá náà pé tí kò bá fẹ́ ẹ níbẹ̀, òun á kó jáde nílé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màámi, láńlọ́ọ̀dù yẹn kọ́ ni mò ń bínú sí jù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ kú, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá, jẹnẹrétọ̀ yín ń dún níbẹ̀. Òjò ń rọ̀, ẹ ti ti fèrèsé. Ẹ ní orí ń fọ́ yín. Mo ní kí ẹ lo oògùn, mo sáré lọ ṣe ìdánwò. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ nípa gáàsì yẹn ni? Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi wá ní ìbéèrè nípa rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì dáhùn rẹ̀ bó ṣe tọ́.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì dárí ji ara rẹ̀.