Garawa Àǹtí Sumin, àti Kòtò Kan Tí Òfin Wa Kò Jẹ́ Kó Kà

Láti ọwọ́ Ẹgbẹ́ Oníbúlọ́ọ̀gì Bonne Chance àti Agbègbè Rẹ̀, Trinidad
Sí Ọ̀gbẹ́ni Harrylal Jagroop, sí Reshma ọmọ yín, àti sí gbogbo ẹbí Jagroop ní Òpópónà Cassava
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, tí a kò tíì rí ibi sọ̀ ọ́ sí, ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí fi ń bá yín kẹ́dùn ikú ìyàwó yín, ìyá yín, àti ọmọ ẹgbẹ́ wa pàtàkì, Olóògbé Sumintra Jagroop, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àǹtí Sumin, tó jáde láyé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ojú wa gbẹ. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ sunkún. Ẹkún náà ni kò wá. Akọ̀wé wa, Ìyáàfin Ermine Quashie, ẹni tí ń sunkún bí ìkòkò ìrẹsì bá jóná, kò tíì sọ ju "ó dáa" lọ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni olóògbé fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì ṣí búlọ́ọ̀gì sórí ayélujára ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Gbogbo wa rò pé ọbẹ̀ ni yóò máa kọ́ wa sè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kìíní. Ènìyàn mẹ́fà ló ka ọbẹ̀ náà, ẹ̀yin, Ọ̀gbẹ́ni Jagroop, sì wà nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì, ó já sínú kòtò níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Ó dìde, ó lọ sílé, ó gbé garawa, ó padà wá gbọ́n omi inú kòtò náà, ó ń kà á. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Kòtò iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, garawa mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo lóyún Reshma, garawa kan ni." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti dí i.

Láti ọjọ́ náà ni garawa rẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n fi wáyà so ọwọ́ rẹ̀, ti di òṣùwọ̀n ní gbogbo gúúsù erékùṣù yìí. Ilé iṣẹ́ oníke kan gbé garawa tuntun méjìlá wá fún un, orúkọ ilé iṣẹ́ náà gàdàgbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣojú wọn ní, "Àǹtí, ẹ kàn máa gbé e síbi tí wọ́n á ti rí i nínú àwòrán ni." Ó dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, bí mo bá pààrọ̀ garawa, ta ni yóò gbà pé kòtò ló tóbi, pé kì í ṣe garawa ló kéré?" A rò pé ó dá wọn padà ni. Kò dá wọn padà o. Ó gbin ata sínú méjèèjìlá, ó kọjú orúkọ wọn sí ògiri.

Ó yé wa pé kì í ṣe ojú títì nìkan ló tún ṣe. Oníṣòwò táyà kan ń polówó kiri pé táyà òun kò bẹ̀rù ogún garawa. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá tí wọ́n máa ń pè wá ní aláìníṣẹ́ kọ́kọ́ ń jí àwòrán rẹ̀ lò, nígbà tó yá, wọ́n ń pè é lórí fóònù, wọ́n ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ mà." Rédíò ń ka iye garawa rẹ̀ láràárọ̀, lẹ́yìn ìròyìn òjò. Àwọn olóṣèlú pàápàá kò gbẹ́yìn. Kánsílọ̀ kan búra lórí pèpéle pé ní wọ́ọ̀dù òun, kò sí kòtò tó ju garawa méjì lọ. Àǹtí Sumin gbé ti garawa mọ́kànlélọ́gbọ̀n jáde lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà sì padà sídìí oko kòkó rẹ̀ lẹ́yìn ìbò. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló fẹ̀sùn kàn án pé ti èkejì ló ń ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Kòtò kò ní káàdì ẹgbẹ́."

Ibi tí ìwé yìí ti ṣòro fún wa láti kọ la dé yìí.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kọ̀wé lójoojúmọ́ nípa gọ́tà ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀, títí ìjọba ìbílẹ̀ fi bá a ṣe gọ́tà, tí wọ́n tún fi sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́ kù rẹ́ ilé pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀. Ìlú fi wá ṣẹlẹ́yà. A bá ṣe òfin kẹrin, pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ kọ̀wé nípa òpópónà tó ń gbé, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kò sì gbọdọ̀ bá a kọ ọ́. Ọwọ́ Àǹtí Sumin ló kọ́kọ́ lọ sókè. Nígbà náà, kòtò tó wà lẹ́nu Òpópónà Cassava kò ju àwo lọ. Ó ń dàgbà. Aládùúgbò yín, Ọ̀gbẹ́ni Boysie, a máa pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Sumin, gbogbo Trinidad lo ń ka kòtò fún, tẹnu ọ̀nà ẹ ti fẹ́ẹ́ máa bí ẹja!" Òun náà á ní, "Bó bá bí ẹja, wá dẹ ìwọ̀ sí i, Boysie, kí o yé wá tọrọ tèmi."

Ní oṣù Keje, ó kọ lẹ́tà sí wa. Ó ní Reshma lóyún, pé ìparí oṣù Kẹwàá ni ìkúnlẹ̀ rẹ̀, pé kòtò ẹnu Òpópónà Cassava kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn wọlé. Ó bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí òun kọ nípa òpópónà náà lẹ́ẹ̀kan péré. A rẹ́rìn-ín. Èmi alága ni mo sọ ọ́ pé, "Àǹtí, òfin tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé ró!" Òun náà rẹ́rìn-ín. A sún un sí ìpàdé ọdọọdún. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú fáìlì wa, mo fọwọ́ ara mi kọ "oṣù Kọkànlá" sí etí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí àyà dùn ún, ọkọ̀ ilé ìwòsàn tètè dé. Ẹnu kòtò ló dúró sí. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, omi ti bò ó mọ́lẹ̀. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó bi àwọn tó wà nítòsí pé, "Báwo ló ṣe jìn tó?" Kò sẹ́ni tó lè sọ. Ní gbogbo agbègbè wa, òun nìkan ni kòtò tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbé e gba àárín ọgbà Ọ̀gbẹ́ni Boysie jáde. Dókítà ní òun kò lè sọ pé ì bá yè bí wọ́n bá tètè gbé e dé. A kọ ọ́ síbí nítorí pé òótọ́ ni. A kò fi ṣe àwáwí.

Lọ́jọ́rú, mo wà lọ́dọ̀ yín nípa ètò ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọkọ̀ akóyanrìn dé, òkúta kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ bi awakọ̀ rẹ̀ léèrè, Ọ̀gbẹ́ni Jagroop, pé ṣé ọ̀dà títì ń bọ̀ lẹ́yìn òkúta náà. Ó ní, "Bàbá, òkúta nìkan ni wọ́n ní kí n dà síbẹ̀. Àwọn olùdíje ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú, wọn ò fẹ́ kí mọ́tò wọn há." Ẹ ní, "Ìyàwó mi ò nílò ọ̀nà mọ́. Ọmọ mi ló nílò ẹ̀. Kó òkúta ẹ padà." Lẹ́yìn náà ni ẹ yíjú sí mi: "Ẹ̀yin náà, ẹ má wá pè é ní akọni fún mi. Ẹ bá mi ṣe ọ̀nà."

Nítorí náà, a kò ní pè é ní akọni. Lánàá, ọwọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fa òfin kẹrin ya. Ẹ yá wa ní garawa, a sì gbọ́n kòtò náà: mẹ́rìnlélógójì. Láti àárọ̀ yìí, ojú ewé gbogbo wa, ti oúnjẹ, ti aṣọ, ti bọ́ọ̀lù, Òpópónà Cassava nìkan ni yóò máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ títí ọ̀dà yóò fi gbẹ lórí rẹ̀. A kò ní gba ìpolówó olùdíje kankan títí di ìgbà náà. Àwọn méjèèjì ti pè wá. Oníkálukú ní ẹ̀bi èkejì ni. A kọ ìyẹn náà sí i. Mọ́tò Ìyáàfin Quashie ti wà ní òdì kejì kòtò, epo kún inú rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kan sì ń jókòó nínú rẹ̀ ní wákàtí gbogbo títí Reshma yóò fi bímọ. Ọ̀gbẹ́ni Boysie ti yọ pákó ọgbà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè gba ibẹ̀.

A kò bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì lónìí. Kò tíì tó àkókò. Àdúrà la ní. Kí Ọlọ́run tó mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́ tu ẹ̀yin ẹbí Jagroop nínú. Kí Ó jókòó ti Bàbá nídìí tíì àárọ̀ tó ti di ti ẹnì kan ṣoṣo. Kí Ó sì sọ Reshma kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín.

Carlyle Toussaint
Alága, tó ń kọ ìwé yìí láti inú mọ́tò, nítorí òun ni iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì kàn