Bàtà Pupa àti Gìgísẹ̀ Mi Òsì

                                        Ilé Adéníran,
                                        Òkè-Ìlá,
                                        Adó-Èkìtì,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá, ọdún 1978.

Olúwọlé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Òrùlé ilé ìdáná tó ń jò, ewúrẹ́ Ìyá Títílayọ̀ tí kò jẹun dáadáa, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì mi tí wọ́n ní ó ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan ní Àkúrẹ́, gìgísẹ̀ mi òsì, àti áńkáṣíìfù rẹ: àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyí. Bí wọ́n ṣe ń wọlé sí mi lórí ni mo ṣe tò wọ́n. Nígbà tí n óò bá fi rò ó dé orí áńkáṣíìfù, àkùkọ á ti kọ.

Má bínú pé mo ti ń ráhùn kí n tó kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ? Ṣé Ọmọ́bọ́láńlé ọmọ rẹ dé Ìgbẹmọ láyọ̀ lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ wa? Ìrẹsì rẹ ńkọ́, ṣé ẹ ti ń kórè rẹ̀, àbí àwọn ẹyẹ ti bá yín kórè rẹ̀ tán? A dúpẹ́ pé a wà láàyè níhìn-ín. Ẹsẹ̀ nìkan ni.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, pé o ti fi orúkọ mi sílẹ̀ fún eré àwọn bàbá nígbà ọdún ìjọ yín. O kò bi mí kí o tó fi í sílẹ̀. Àgbà méjì méjì, áńkáṣíìfù kan láàárín wọn, kí wọ́n jọ sáré yí pápá ilé ìwé po, bí ọ̀kan bá sì jọ̀wọ́ etí tirẹ̀, àwọn méjèèjì ti bọ́ síta nìyẹn. O ní a óò gbégbá orókè. O rò pé Adéníran tí ẹ jọ wà nílé ìwé ṣì ni mí. O kò mọ̀ pé láti oṣù kẹsàn-án ni gìgísẹ̀ yìí ti ń ta mí. Bí mo bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn láàárọ̀, bí ẹni tẹ ìṣó ni. N óò di ògiri mú títí n óò fi dé ẹnu ọ̀nà. Mo kọ lẹ́tà sí ọ pé n kò lè wá, mo fà á ya. Mo tún un kọ, mo tún fà á ya. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Mo kọ́kọ́ rò pé bàtà tuntun ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. N kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tó ń dùn mí rìn dé Ọjà Ọba, mo wá ṣe bí a ti máa ń ṣe nígbà tí a bá rán èrò Èkó ní bàtà. Mo jókòó sórí ibùsùn láàárọ̀, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wọn ẹsẹ̀, mo kán an níbi tó parí sí, mo fún Ìyá Títílayọ̀ pé kó mú un lọ. Ó ra kánfáàsì dúdú kan tó buyì kún èèyàn. Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, gbogbo ọmọ ìka mi ká jọ bí ìgbín. Mo ní ìgbálẹ̀ ti kán lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò bá mi jà. Ó ti ìgbálẹ̀ bọ inú bàtà lójú mi, ó ṣe rẹ́gí. Ó ní, “Bàbá Títílayọ̀, ìgbálẹ̀ ò ráhùn o. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ráhùn.”

Mo ti ń fi ẹsẹ̀ náà pa mọ́ fún Títílayọ̀, ọmọ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, torí mo rò pé yóò ní kí n má tilẹ̀ sáré rárá. Ìyá rẹ̀ tú àṣírí mi. Ọmọ náà tẹ gìgísẹ̀ mi, mo fò sókè. Ó bi mí pé ẹsẹ̀ wo ni mo wọ̀n. Mo ní òsì, ṣebí òun ló ń dùn mí. Ó ní ṣé mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ní báwo ni n óò ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó ń dùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ tó ń sá fún ilẹ̀ lẹ wọ̀n.” Ọ̀tún mi gùn ju òsì lọ, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó ní ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ, nítorí náà kí n lọ fúnra mi nírọ̀lẹ́, kí n wọ ìbọ̀sẹ̀, kí n dìde dúró lórí méjèèjì. Ó gba sálúbàtà pẹlẹbẹ tí mo fi ń rìn kiri ilé, ó ní kí n máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí ìgò nílẹ̀ láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun ti ń rí nǹkan.

Mo lọ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Bàdírù tó ta kánfáàsì dúdú náà gbà á padà láìjanpata. Mo wá ń tẹ bàtà kọ̀ọ̀kan wò bí ọmọ mi ṣe kọ́ mi. Èyí tó bá ká láàárín bí ewé, mo gbé e padà, torí ibi ọmọ ìka nìkan ló yẹ kó ti ká. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀, mo gbé e padà. Èyí tí kò fi àyè àtàǹpàkò kan sílẹ̀ níwájú ọmọ ìka mi, òun náà padà. Bàdírù ní, “Bàbá, ṣé bàtà lẹ fẹ́ rà, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́?”

Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó di gìgísẹ̀ mú, iwájú rẹ̀ fẹ̀. Mo dìde, mo rìn dé ìsọ̀ oníyọ̀, mo padà, n kò tiro. Ṣùgbọ́n pupa ni, Olúwọlé. Ó pupa bí ata rodo. Èmi tí mo ń ka Ìwé Mímọ́ fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo bèèrè funfun, kò sí. Mo bèèrè dúdú, kò sí. Bàdírù ní gìgísẹ̀ mi kò lójú, kò lè rí àwọ̀ bàtà. Obìnrin oníyọ̀ ní kí n tún rìn wá kí òun wò mí dáadáa, pé ọkọ òun kò rìn báyẹn rí. Mo rà á kí èrò tó pọ̀ sí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọ̀ ọ́ rìn yí Òkè-Ìlá ká. Ìṣó àárọ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti kúrú. Bí mo bá rìn díẹ̀, n óò gbàgbé rẹ̀, bí mo bá sì gbàgbé rẹ̀ tán ni ẹ̀rù tún ń bà mí, pé ó lè lúgọ dè mí lórí pápá yín. Títílayọ̀ tẹ̀ ẹ́ wò lánàá. Ó ní mo lè sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n yí i sí ìrìn bó bá ti ta mí, n kò gbọdọ̀ na eré. Nítorí náà a kò ní gba ipò kìn-ín-ní. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwa la óò kẹ́yìn. Bí o bá fẹ́ ẹlòmíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, sọ ọ́, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má torí tèmi yọ orúkọ tìrẹ.

Ọmọ́bọ́láńlé ló sọ ọ́ fún wa. Ó ní láti ìgbà tí a ti sin Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ, orí àga ẹ̀yìnkùlé lo máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìgbà tí wọ́n kéde eré yìí lo tó dìde. Ó ní òun tẹ̀ lé ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun bá ọ lórí pápá nínú ìrì, tí ò ń dá sáré, o di etí áńkáṣíìfù kan mú, etí kejì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìdí tí mo fi ń fa lẹ́tà ya nìyẹn.

Bá mi kí gbogbo ilé. Ìyá Títílayọ̀ ní kí o fi ìrẹsì tuntun díẹ̀ pamọ́ fún òun. Títílayọ̀ ní kí ìwọ náà yẹ bàtà tìrẹ wò.

Sátidé ni eré, mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi sinmi kó tó di ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ kò bá sì bàjẹ́ lọ́nà, n óò tètè dé. Má jókòó sórí àga dè mí. Wá dúró níbi tí ọkọ̀ ti ń já èrò, o óò rí ẹsẹ̀ mi kí o tó rí ojú mi. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, ni n óò gbéra.

Èmi tí n óò di etí kejì mú,
Adéníran.